Orí Keje: Ohùn Tó Bọ́ Sínú Odò

"Ẹ wo iná," ni géètì wí.

Fèhíntọlá dúró. Ó mọ̀ pé iná náà wà níwájú òun, torí ooru rẹ̀ ń rà án níwájú orí, ṣùgbọ́n ojú tí yóò fi wò ó ni kò ní. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ń pín ojú ẹ̀rọ fún gbogbo ẹni tí kò ríran, ó ní kí wọ́n gbé tòun fún ẹlòmíì, etí òun tó òun í lò.

"Ẹ wo iná," ni géètì tún wí, ó sì gbóhùn sókè bí ẹni pé adití ló dúró síwájú rẹ̀. "Ẹni tí kò bá wo iná, kó kúrò lọ́nà."

Kò kúrò. Ohun tí àwọn tí kò ní ojú máa ń ṣe nídìí géètì nìyẹn. Wọ́n á dúró gbagidi, wọ́n á fi ọ̀pá ti ilẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn á máa kùn, kíkùn á di ariwo, títí ẹnì kan tó jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọn kì í bẹ géètì, torí géètì kò létí. Àwọn tó kọ́ ọ fún un ní ojú àti ẹnu, wọ́n gbàgbé etí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí a ti ní nílẹ̀ yìí.

Nígbà tó yá, ìró bàtà ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú. Èmi ni Gbádégẹṣin, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ géèmù tó ránṣẹ́ pè yín. Gbogbo èèyàn ló ń fẹjọ́ géètì yìí sùn pé ó rorò. Àwa àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó ní irú ẹ̀ ti ń wá ohùn tó tutù tí a máa fi sí i lẹ́nu."

"Ẹ bá a wá etí pẹ̀lú," ni Fèhíntọlá wí.

Ọmọkùnrin náà gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ń fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́. Fèhíntọlá yọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá ìgbúnwọ́ ọmọ náà rí, ó dì í mú. "Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Ìwọ máa lọ níwájú."

"Wọn ò kọ́ wa, mà. Wọ́n ní kò sí afọ́jú mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Òfin ti wí i pé kò sí afọ́jú mọ́ nílẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn ojú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti kógbá wọlé, àwọn ojú náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú àwọn tó gbé e wọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ìyẹn. Bí wọ́n bá lọ fẹjọ́ sùn, akọ̀wé á yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, á ní orúkọ wọn wà lára àwọn tó ní ojú, kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn àgbà tó wí pé bí a bá ń sunkún à máa ríran, wọn ò mọ̀ pé irú ayé yìí ń bọ̀.

Wọ́n wọ lífítì. Ilẹ̀kùn padé, ohùn ọkùnrin kan tó jinlẹ̀, tí ìbànújẹ́ kún inú rẹ̀, sì sọ pé, "Ó ti gòkè lọ."

Ara Fèhíntọlá bù máṣọ. "Ta ló ni ohùn yẹn?"

"A ò mọ̀, mà. Inú Odò ló ti wá, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń bu ohùn."

Òun mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó máa ń ka ìkéde òkú lórí rédíò nígbà èwe rẹ̀ ni. Bí ohùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ a dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró kó lè gbọ́ ẹni tó kàn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́, èèyàn re ni wọ́n sì pè é, ẹ wá wo ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sókè, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kò sì rí ààyè sinmi.

Nínú ọ́fíìsì, Gbádégẹṣin fà á ní àga.

"Oríire ni mo fẹ́ bá yín sọ, mà. Àwọn ọ̀gá ti gbà. Gbogbo géèmù etí tí ilé-iṣẹ́ ò ṣe mọ́, a máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọjọ́ tí Fèhíntọlá ti ń bẹ̀ wọ́n ti pẹ́. Òun àti Mọ́ńjọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n ṣe àwọn géèmù náà nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí ṣì kéré. Wọn kò ní àwòrán kankan nínú. Etí ni èèyàn fi ń ṣe é, ìró ẹsẹ̀ ni, ìró ilẹ̀kùn, ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá òsì, ẹni tó bá sì gbọ́ dáadáa ló ń yege. Nígbà tí òfin ti ní kò sí afọ́jú, ilé-iṣẹ́ ní kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà á fún mọ́, wọ́n sì pa iná ẹ̀ka náà. Fèhíntọlá ní kàkà kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n jẹ́ kí aráyé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ ṣeun," ni Fèhíntọlá wí. "Ọlọ́run á ṣe tiyín náà."

"Àmín, mà. Ó ku ohun kékeré kan." Àga Gbádégẹṣin dún. Ìró àga ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dùn ni, Fèhíntọlá sì mọ̀ ọ́n. "Ohun tó bá ti di ọ̀fẹ́, inú Odò ló ń dà sí. Gbogbo ẹ̀rọ ilẹ̀ yìí ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bù nínú ẹ̀. Géètì, lífítì, kẹ̀kẹ́ tó ń dá tajà kiri. Wọn ò gbọdọ̀ fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ohun tí kò sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa bù ú. Àmọ́ ohun tó sọ, ti gbogbo ayé ni."

"Ohùn ọmọ mi ló wà nínú géèmù Ọ̀nà Ilé."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀yin nìkan ló kù nínú ẹbí ẹ̀ tó lè yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹ máa fẹnu yín sọ ọ́ ni."

"Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Géèmù yẹn ò ní jáde. Ọjọ́ Ẹtì la máa nu gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù, títí kan èyí tó wà nílé yín."

Fèhíntọlá ronú. "Bí a bá yọ ohùn rẹ̀, tí a fi tèmi sí i?"

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn òkú tí ò sí nínú iṣẹ́ kankan, a ò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé. Ẹ mọ òfin yẹn, mà."

Ó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àwọn gbájúẹ̀ ń fi ohùn òkú pe àwọn opó lórí fóònù ni wọ́n ṣe òfin náà. Aráyé fọwọ́ sí i nígbà yẹn, gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni Mọ́ńjọlá ṣàìsàn tó sì kú. Kò sí ibi tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé bí kò ṣe inú Ọ̀nà Ilé, ìdí sì nìyí tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe géèmù náà láràárọ̀, kó tó bọ́jú.

"Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni, mà," ni Gbádégẹṣin sọ. Inú rere ló fi sọ ọ́.

"Ṣé o ti bímọ?" ni Fèhíntọlá bi í.

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

*

Múfú ni Fèhíntọlá bá nínú pálọ̀ ara rẹ̀ nígbà tó délé l'Òkè-Ọ̀fà. Oníṣẹ́ òrùlé ni Múfú, òun ló máa ń to àwọn páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná lára oòrùn sórí ilé onílé. Orí òrùlé ló wà lọ́jọ́ tí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Ó ní gbogbo ayé kàn dúdú ni, bí ẹni pé wọ́n mú NEPA ayé àtijọ́ padà wá, ó sì dùbúlẹ̀ lórí páànù gbígbóná, ó ń pariwo títí wọ́n fi gbé àkàbà wá. Láti ìgbà náà ló ti ń wá sọ́dọ̀ Fèhíntọlá. Òun nìkan kọ́. Àwọn tójú wọn kú ládùúgbò náà pọ̀, pálọ̀ Màmá sì ni ilé-ìwé wọn.

Fèhíntọlá kò ní in lọ́kàn láti fi Ọ̀nà Ilé kọ́ni nígbà tó ń ṣe é. Eré lásán ni. Èèyàn á sọnù sínú ìlú, ọmọbìnrin kan á sì máa lọ níwájú, á máa pè é, "Mo wà níbí, máa bọ̀," títí wọ́n á fi délé. Ṣùgbọ́n Òkè-Ọ̀fà gan-an ni ìlú inú eré náà. Mọ́ńjọlá, tó ríran kedere, ló de ẹ̀rọ agbohùn mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, tó fẹsẹ̀ rin gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò, tó fi gba ìró gọ́tà, ìró afárá, ìró ẹ̀rọ ìlọta, àti bí ògiri ṣe máa ń pa ohùn mọ́ èèyàn lẹ́nu bó bá ti súnmọ́ ọn jù. Ẹni tó bá mọ eré náà ṣe, á bọ́ sí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì mọ ọ̀nà.

Múfú yọ ohun tó fi sétí. "Màmá, ẹ kú ìrìn. Kí ni wọ́n wí?"

Ó rò ó fún un láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Ẹ bá wa tú u sílẹ̀, Màmá. Àwọn tó wà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, tójú wọn kú bíi tèmi, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa mú wọn lọ tọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fetí mọ gọ́tà l'Òkè-Ọ̀fà, á mọ gọ́tà ní Ṣakí."

"Ṣé wàá fẹ́ kí ìyá rẹ tó ti kú máa polówó oògùn ẹ̀fọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

"Tó bá jẹ́ ìyẹn ló máa jẹ́ kí n rìn, kó máa polówó. Òkú kì í rìn, Màmá. Èmi ni mò ń rìn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú egungun. Ó fẹ́ lé e jáde, kò sì lè lé e, torí kò rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá bímọ tí ọmọ kú, gbogbo ayé ló máa ní kó gbà fún Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un pé wọ́n á tún padà wá gba èyí tó kù.

Kẹ̀kẹ́ kan tó ń dá tajà kiri ń kọjá níta. Ohùn obìnrin kan tí a kò mọ̀ ń ti inú rẹ̀ kígbe pé, "Ẹ yà síbí, ó tutù." Àárín títì ló ń gbà lọ, àárín àwọn ọkọ̀.

Múfú rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn yín. Ọmọ yín ló là mí. Bí mo bá ti wà lọ́nà, ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́ lọ́kàn mi. Tó bá pè mí nísinsìnyí pé kí n máa bọ̀, ẹsẹ̀ mi ò ní béèrè ibi tí à ń lọ."

Ìyìn ni Múfú fi ṣe. Ṣùgbọ́n Fèhíntọlá ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ láàárín ọkọ̀, ó sì gbọ́ ohùn Mọ́ńjọlá nínú rẹ̀, "Mo wà níbí, máa bọ̀," ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ Múfú àti ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n bọ́ sí títì, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó kórìíra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun máa ṣe é.

Òun ni yóò sọ ọ̀rọ̀ inú eré náà, kò sì ní sí ìpè kankan nínú rẹ̀. Odò kò lè bu ohun tí a kò sọ. Níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ní "máa bọ̀," ìró ọ̀pá lásán ni yóò fi síbẹ̀, kí eléré máa tẹ̀ lé ọ̀pá. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá. Ibi tí ewu wà nìkan ni yóò máa sọ. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ pé arúgbó bíi tòun ṣì lè fi ọgbọ́n ju ìjọba lọ.

*

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní ìró kankan nínú. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ẹ̀rọ. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ohùn Mọ́ńjọlá dún, ìyá rẹ̀ á sì sọ tirẹ̀ rọ́pò, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń wú ẹ̀gẹ́ tó sì ń fi iṣu dí ihò rẹ̀.

Aláwàdà ọmọ ni Mọ́ńjọlá. Kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú eré náà. "Gọ́tà rèé o. Fò ó, àbí kó o wẹ̀."

"Gọ́tà wà lọ́tùn-ún rẹ," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Gba òsì."

Níbi tí eléré bá ti fẹ́ rìn kọlu ògiri, Mọ́ńjọlá á fẹ̀rín sẹ́nu. "Ṣé àgbò ni ẹ́ ni, tó o fẹ́ kan ògiri?"

Fèhíntọlá gbìyànjú láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò sí ní ọ̀fun tirẹ̀. Ohun tó jáde ni ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún Mọ́ńjọlá fúnra rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ìrìn, tó ń ta gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, "Rọra, ọmọ mi. Ọ̀nà kò sí níbí."

Gbádégẹṣin dá ẹ̀rọ dúró. "Ohùn yín tutù o, mà," ló wí. Fèhíntọlá kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Èyí tó kẹ́yìn nínú eré náà ni, "Ilé rèé. Ìyá mi ti sebẹ̀, wọlé." Ìyá tó sebẹ̀ náà jókòó síwájú agbohùn, kò sì lè sọ ju "Ilé rèé" lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kí n tún jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mà, kó tó lọ? Èyí tó bá wù yín."

"Èyí tó ní àgbò."

Ó jẹ́ kó dún. Fèhíntọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, kò sì nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tẹ́tí. Ó ti rò pé pípa ohùn náà rẹ́ yóò dún bí nǹkan, ó kéré tán bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ṣùgbọ́n kò dún rárá.

"Ó ti parí, mà," ni Gbádégẹṣin sọ.

*

Ọ̀nà Ilé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dé Ṣakí, ó dé Ìsẹ́yìn, ó dé ibi tí Fèhíntọlá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó ti jókòó sílé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Múfú padà sẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ ló wà, ó ń to irin fún àwọn tó ń gun òkè. Òun náà kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun inú eré náà títí ó fi mọ́ ọn lára, ó ní kí òun má baà máa gbọ́ ohùn méjì lọ́kàn.

"Ohùn yín dáa, Màmá," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Àmọ́ ọmọ yẹn ló mọ̀ ọ́n sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Fèhíntọlá wí.

Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ kankan. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó máa ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tó ń polówó tó ń kọjá, kò sì sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò fi "Gọ́tà wà lọ́tùn-ún rẹ" ta omi tútù? Ó fi Odò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Múfú sì ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n jọ rìn débẹ̀, ọ̀pá méjì, láìsí ẹni tó fà wọ́n. Èrò pọ̀ lẹ́nu géètì. Fèhíntọlá gbọ́ ọ̀pá àwọn ẹlòmíì níwájú, ó tó mẹ́fà tàbí méje, ó sì mọ̀ pé àwọn tójú wọn ti kú ni. Ó múra sílẹ̀ fún ariwo. Àwa yìí máa dúró, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ wá.

Kò sí ariwo. Àwọn ọ̀pá náà dé iwájú, wọ́n dúró díẹ̀, ohùn kan tí kò ga bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín èrò, wọ́n sì yà sí òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, wọ́n ń lọ. Obìnrin kan nínú wọn tiẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, mà." Àwọn tó ní ojú ń wọlé lọ ní tiwọn, ẹnikẹ́ni kò kùn.

Ó wá kan Múfú.

"Rọra, ọmọ mi," ni géètì wí. "Ọ̀nà kò sí níbí."

Fèhíntọlá gbọ́ ara rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ nínú yàrá tìmùtìmù gẹ́lẹ́, pẹ̀lú èémí díẹ̀ tó fà kó tó pe "ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó ti kó gbogbo ìpè kúrò nínú ohùn rẹ̀, ó sì ṣe ohùn kan tí kò mọ nǹkan mìíràn í sọ ju kí èèyàn padà lọ. Ohun tí àwọn géètì ti ń wá nìyẹn.

Ọ̀pá Múfú ti yà sí òsì, bí eré náà ṣe kọ́ ọ. "Ẹ jẹ́ ká gba ibí, Màmá."

"Múfú, dúró. Ọ̀nà wà. Ẹ̀yin tó wà níwájú yẹn, ẹ padà wá, ẹ dúró síbí."

Àwọn ọ̀pá tó ń lọ kò dá ẹsẹ̀ dúró. Ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn wọn, obìnrin arúgbó kan ni. Ẹni tó kọ́ wọn ní ìrìn ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán.

"Rọra, ọmọ mi," ni géètì tún wí, ó sì jọ pé òun, ìyá Mọ́ńjọlá, ló ń bá wí báyìí. "Ọ̀nà kò sí níbí."

"Irọ́ ni," ni Fèhíntọlá sọ. Ohùn rẹ̀ ti há. Kò dára tó ti géètì. "Múfú, èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Dúró."

Múfú dúró láàárín wọn. Fèhíntọlá gbọ́ bó ṣe ń yí orí, etí kan sọ́dọ̀ rẹ̀, etí kan sọ́dọ̀ géètì, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ.

"Màmá," ló wí, "nínú ẹ̀yin méjèèjì, ti ta ni kí n gbọ́?"

Kí Fèhíntọlá tó la ẹnu, géètì ti fi ohùn rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Rọra, ọmọ mi."